Ínkúbétọ̀ ẹlẹ́yin 60 tí mo rà n'Ífẹ̀, àti Màdáámù tó dójú tì í

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ínkúbétọ̀ mi, àpótí oníná tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ, sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp mi làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́, èló ni mo rà á, ṣé káwọn náà lọ ra tiwọn, mo sì ń sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ n lò ó ná. Ẹni tó ra nǹkan lánàá tó ti ń yìn ín lónìí, owó tó ná ló ń fi ìyẹn tù nínú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, mo ti fi pa ẹyin lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ti sunkún nídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti bá ẹni tó ṣe é jà lẹ́ẹ̀mejì, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ wàyí.

Parakin nibí ni mò ń gbé, n'Ílé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, adìẹ mi wà lẹ́yìn ilé. Àgbébọ̀ méje àti àkùkọ kan ni mo ní nígbà yẹn, adìẹ ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn, kì í ṣe àgíríìkì. Ohun tó sì jẹ́ kí ojú mi wọ ọ̀rọ̀ ínkúbétọ̀ ni pé adìẹ ìbílẹ̀, tó bá ti yé ẹyin bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti fẹ́ sàba nìyẹn, á jókòó lé e fún ọjọ́ 21, á tún wá kó ọmọ kiri fún bí oṣù méjì kó tó rántí pé òun lè yé ẹyin míì. Tí mẹ́rin bá ń sàba nínú méje, kí lẹ fẹ́ jẹ, kí lẹ fẹ́ tà? Mo wá rò ó pé tí n bá ń kó ẹyin kúrò lábẹ́ wọn, tí mo ń fi ẹ̀rọ pa á, àwọn á máa yé lọ ní tiwọn. Ìṣirò yẹn ò burú o, mo ṣì dúró lórí ẹ̀ dòní. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo rò pé ẹ̀rọ ló máa ṣiṣẹ́ náà, mi ò mọ̀ pé èmi ni.

Ìyá ọkọ mi tó ń gbé n'Ílódè, tí wọ́n ti ń sin adìẹ kí wọ́n tó bí ọkọ mi, nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, Ifẹ̀ yìí náà lo ti fẹ́ ra adìẹ onípákó? Ìlú tó jẹ́ pé adìẹ ló tan ilẹ̀ ẹ̀?" Ẹni tó bá mọ ìtàn Odùduwà pẹ̀lú adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún á mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ní Màmá, ayé ti lajú. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà máa sọ fún àwọn bó bá ṣe ń lọ.

Àpótí náà fúnra ẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́. Páìwúùdù níta, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn tuntun nínú, gíláàsì kékeré níwájú téèyàn lè máa yọjú wò, gílóòbù àtijọ́ méjì tó máa ń gbóná, fáànù tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà pupa hàn, àti mọ́tò tó yẹ kó máa yí ẹyin padà ní wákàtí méjì-méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mi ò sì ní júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, pè é ní ₦95,000, mo ná an títí mo fi san ₦82,000. Ó ní, "Ànńtí, ẹ kàn kó ẹyin sí i kẹ́ ẹ máa sùn, ọjọ́ kọkànlélógún lẹ máa gbọ́ ohùn ọmọ." Mo gbà á gbọ́. Bẹ́ ẹ bá rí bó ṣe ń tàn yanranyanran lórí tábìlì, ẹ̀yin náà á gbà á gbọ́.

Oṣù kìíní ni mo bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo wa ń là. Mo kó ẹyin 48 jọ, ogún jẹ́ ti adìẹ mi, ìyókù ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà Odò-Ògbè, mo sì bi wọ́n dáadáa bóyá àkùkọ wà nínú agbo adìẹ wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi níbí yìí o: ẹyin kíréètì tẹ́ ẹ ń rà láti dín fún ọmọ kó tó lọ sílé ìwé, inú kéèjì ni wọ́n ti yé e, adìẹ yẹn ò fojú kan àkùkọ rí láyé ẹ̀. Ẹ fi í sínú ẹ̀rọ fún ọdún kan, kò ní di nǹkan kan ju òórùn lọ. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é, ẹbí mi ni, ẹ jẹ́ kí n fi bẹ́ẹ̀ mọ. Ẹyin tẹ́ ẹ máa pa, kò gbọdọ̀ ti wọ fíríìjì, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kẹ́ ẹ tó kó o wọlé, ibi tó ṣe ṣónṣó ni kẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀.

Mo tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko kí n tó kó ẹyin sí i. Bọ́ọ̀dù ń pè é ní 37.5 dígírì, èyí tó yẹ kó jẹ́ gẹ́lẹ́ fún ẹ̀rọ tó ní fáànù. Ọkàn mi balẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ keje, mo pa iná yàrá, mo fi páálí inú tíṣù bo ojú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi kí ìmọ́lẹ̀ má bàa fọ́n ká, mo gbé ẹyin lé e. Kẹ́ ẹ sọ òótọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé nǹkan míì wà tó dà bíi rẹ̀? Ẹyin náà pọ́n bí ìgò epo tí wọ́n gbé sóòrùn, ojú dúdú kan tín-tìn-tín wà láàárín ẹ̀, iṣan pupa yọ lára ẹ̀ lọ síbí lọ sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, bí mo ṣe ń wò ó, ojú dúdú yẹn mì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ rí i, ó ní "Mọ́mì, ó ń jó." A ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹyin la wò tán. Mẹ́sàn-án mọ́ lóló bí omi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo yọ wọ́n. Nígbà tí mo tún wò wọ́n lọ́jọ́ kẹrìnlá, mẹ́ta ti kú, ẹ̀jẹ̀ ṣe bí òrùka yí i ká nínú. Ó ku 36.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí n mú yín mọ Màdáámù. Adìẹ dúdú ni, àyà ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìwà ẹ̀ ló jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ti ń kó ẹyin ẹ̀ bí mo ṣe ń kó tàwọn yòókù, ó fojú ṣe mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó kúrò nínú agọ̀, ó lọ wá ibòmíì. Ibo ló lọ? Sínú ṣọ́ọ̀bù mi, abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, inú àpò àjákù ànkárá. Ọ̀sẹ̀ tí mo kó ẹyin sínú ẹ̀rọ lèmi náà tó rí i, ó ti wà lórí ẹyin 12, ó ti ṣe ara ẹ̀ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí epo ò jóná. Mo nawọ́ sí i, ó sọ mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ yọ. Màmá ní kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí n kàn wọ́n eérú díẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀ nítorí àwọn kòkòrò tó ń jẹ adìẹ lára, kí n gbé omi sítòsí.

Mo wá ń jókòó rán aṣọ, ẹ̀rọ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan ń mu iná, ìkejì ń jẹ àgbàdo. Èyí tó ń jẹ àgbàdo ni mo wò títí. Ó ti já ìyẹ́ àyà ara ẹ̀, awọ ara ẹ̀ gan-an ló fi kan ẹyin. Láàárín ọ̀sán, á dìde díẹ̀, á fi ẹnu fa ẹyin tó wà létí wá sábẹ́ àyà, á ti ti àárín bọ́ sétí, á tún wálẹ̀ jókòó, á máa gbọn ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá a mu. Kò sí mọ́tò, kò sí wákàtí méjì-méjì, òun ló mọ ìgbà tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jáde: á sáré jẹun, á mumi, á yàgbẹ́ ńlá kan tí gbogbo kọsitọ́mà mi máa ń di imú fún, á wẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, kò tó ogún ìṣẹ́jú ó ti padà. Mo ń fi aago wò ó.

Ọjọ́ ogún, ẹ̀rọ mi dákẹ́. Ọjọ́ kọkànlélógún, ó dákẹ́. Màdáámù ní tiẹ̀ ti ń bá ẹyin sọ̀rọ̀ láti àná, ohùn jẹ́jẹ́ kan báyìí látinú ọ̀fun, tẹ́ ẹ bá sì gbé etí sún mọ́ ọn ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn látinú èèpo. Ọjọ́ Sunday ló bọ́ sí, mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé, ọmọ mọ́kànlá ń yọjú lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀. Ẹyọ kan ló dòbu. Ẹ̀rọ onígílóòbù, ₦82,000, ọjọ́ kejìlélógún ni ọ̀kan tó gbèrò láti jáde. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni mo pa iná ẹ̀rọ náà. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo rí nínú 36, méjì nínú wọn ò lè dúró.

Inú bí mi, mo fọ́ àwọn tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn wà níbẹ̀ o, ẹ fi nǹkan bo imú, àmọ́ ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ẹyin kì í purọ́. Ọmọ ti pé, ìyẹ́ ti yọ, ẹsẹ̀ wà, ẹnu wà, awọ funfun inú ẹyin ló gbẹ mọ́ wọn lára bíi nálọ́ọ̀nù, kò jẹ́ kí wọ́n lè yí ara padà. Ọ̀dá omi nìyẹn. Abọ́ omi tí wọ́n fi sísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà ò ju agolo sàdín lọ, ọyẹ́ sì ń fa omi mu kíá ju bí mo ṣe ń bù ú lọ. Àwọn míì, pupa ẹyin ṣì wà lóde ikùn wọn, kò tíì wọlé, ìyẹn ni pé wọ́n falẹ̀, ooru ò tó. Báwo ni ooru ò ṣe ní tó nígbà tí bọ́ọ̀dù ń pè é ní 37.5? Mo ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà ní kẹ́mísìtì, mo tẹ́ ẹ sórí ẹyin gan-an, mo ti ilẹ̀kùn. 36.2. Mo wá tẹjú mọ́ wáyà tó ń wọn ooru: ẹ̀yìn gílóòbù ni wọ́n so ó mọ́! Gílóòbù ń sọ fún wáyà pé inú ilé gbóná, ẹyin ń gbọ̀n.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni yẹn. "Ànńtí, ẹyin yín ni ò dáa." Mo ní ẹyin mélòó, ṣé ẹyin ló so wáyà mọ́ ẹ̀yìn gílóòbù ni? Ó ní òun ń bọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń bọ̀.

Fúnra mi ni mo já wáyà náà, tí mo tún un so sí ìwọ̀n ibi tí ẹyin wà, mo gbé abọ́ fífẹ̀ kan sísàlẹ̀, mo ki kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ sínú omi ẹ̀ kó lè máa fa omi sókè. Mo tún ra nǹkan kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó. Kó wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e dé 65 tàbí 70 ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Tẹ́ ò bá ra nǹkan míì lé ẹ̀rọ yín, ẹ ra ìyẹn àti tẹmómítà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, oṣù kẹta, ni mo sunkún. Àádọ́ta ẹyin, 43 ló yè nígbà tí mo wò wọ́n, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí di alẹ́ ọjọ́ kejìlá tí tíràńsífọ́mà àdúgbò wa dún gbòlà, iná lọ. Iná lọ, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ la kọ́kọ́ ń tàn, àmọ́ epo wọ́n, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí ará ilé sùn, ọkọ mi ní ṣé nítorí ẹyin? Mo wá ń se omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké, mo ń tò wọ́n sáàárín ẹyin. Ọgbọ́n gidi ni, mo ṣì ń lò ó, àmọ́ lóru ọjọ́ kejì oorun ń kùn mí, mo ki kẹ́ẹ̀gì márùn-ún sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi híhó ni, mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí mo wo tẹmómítà: 41.6. Mo se wọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé òtútù ò yára pa á tó ooru. Ẹyin tó tutù fún wákàtí díẹ̀ á kàn falẹ̀ ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn pa tẹ́ ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí náà, àmọ́ èyí tó gbóná jù, ó tán. Èmi sì ń ṣí ilẹ̀kùn wò ó ní wákàtí-wákàtí kó tó dìgbà yẹn, bí ẹni tó ń wo ìrẹsì lórí iná. Òdo la rí nínú 43. Màmá wá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí olófò, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbé ẹ̀bà wá.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá dáa. Ọkọ mi ti ra ínfátà kékeré àti bátìrì kan (fún ẹ̀rọ ìránṣọ ló wí, mo mọ̀ pé nítorí ẹkún mi ni). Oṣù karùn-ún, òjò ti ń rọ̀, ọ̀rinrin ò wọ́n mọ́. Wọ́n dé ọjọ́ kẹsàn-án, mọ́tò tó ń yí ẹyin kú. Ìjà kejì èmi àti ẹni tó ṣe é nìyẹn, ó ní wàránti ò kan mọ́tò. Mo fi pẹ́ńsùlù, kì í ṣe báírò o, kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, mo kọ O sí ìkejì, mo ń fi ọwọ́ yí wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Kó ṣáà má jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, torí òru ló gùn jù, ẹ̀gbẹ́ tó kọ sókè lóru àná ò gbọdọ̀ tún kọ sókè lóru òní. Tẹ́ ò bá yí i, ọmọ inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Ọjọ́ kejìdínlógún mo ṣíwọ́ yíyí, mo tẹ́ aṣọ sábẹ́ wọn, mo bomi kún abọ́ ìsàlẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fún kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún ọkọ mi kí n má bàa lọ ṣí i. Ọmọ 31 nínú àádọ́ta. Mo jó.

Àmọ́ ẹ dúró. Ọmọ 31 nínú páálí, òjò ń rọ̀ lálẹ́, ta ló máa bò wọ́n? Ẹ̀rọ ti ṣe tiẹ̀, kò ní apá. Mo so gílóòbù sí páálí, iná lọ lóru, ínfátà ò gbé e di ìdájí, kí n tó jí wọ́n ti gun ara wọn jọ sí igun kan nítorí òtútù, mẹ́fà ti kú sísàlẹ̀. Màdáámù wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọmọ tiẹ̀ tó ti dàgbà, òjò kan náà ló rọ̀ lé òun náà lórí, ẹyọ kan ò kú. Ibi yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí: owó tẹ́ ẹ san, ọjọ́ 21 ló mọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin ni ìyá wọn, ẹ ṣètò èédú, tàbí àtùpà, tàbí gílóòbù, kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá.

Màmá ló fún mi lọ́gbọ́n tó kù. Wọ́n ní, "Ṣe bí adìẹ ò lè kàwé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó lè kà ọmọ?" Oṣù keje, mo ṣọ́ Màdáámù títí tó tún fi sàba, lọ́jọ́ tó jókòó gan-an ni mo kó àádọ́ta ẹyin sínú ẹ̀rọ. Mẹ́sàn-án lòun pa, ẹ̀rọ pa 41 (ẹ rí i pé àpótí náà kì í ṣe nǹkan burúkú, téèyàn bá ti tún un ṣe tán, tó sì ń ṣọ́ ọ). Mo dúró di alẹ́, aago mẹ́sàn-án kọjá, mi ò tan iná, mo kó méjìlá nínú ọmọ inú ẹ̀rọ sínú ìkòkò kékeré tí mo fi aṣọ gbígbóná tẹ́, mo kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ mi. Mo ń kì wọ́n sábẹ́ apá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kùn, ó sọ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró, mo tún kì í. Lápá ibi tí ọwọ́ mi wà, mo gbọ́ bí ara ẹ̀ ṣe gbóná, mo gbọ́ àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń sún fún àwọn tuntun. Nígbà tó di ìdájí, 21 ló tẹ̀ lé e jáde, ó ń pè wọ́n wá jẹ ikán bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lóru, kí ọmọ náà má sì ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, torí tó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbọ́ ohùn ìyá adìẹ náà, ìyá adìẹ náà á sì máa ṣá a lórí.

Ọmọ 29 tó kù wà nínú páálí, mo rí apá ṣe tiwọn. Mẹ́rin ló kú, ẹyọ kan nínú ti Màdáámù ni àwòdì gbé, ó lé àwòdì náà dé orí òrùlé aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹran bá yín kán oògùn àjẹsára àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní lúkúlúkú sí wọn lójú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n jáde, ẹ má wulẹ̀ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń tẹrí.

Ó dáa, ṣé kẹ́ ẹ rà á? Tẹ́ ẹ bá ní adìẹ mẹ́ta-mẹ́rin, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ rí adìẹ pa fún ọdún, ẹ fi owó yín sílẹ̀, ẹ ra àgbébọ̀ tó mọ sàba. Tẹ́ ẹ bá ń tà, tí ẹnì kan máa ń wà nílé tọ̀sán-tòru, tẹ́ ẹ sì ní nǹkan míì yàtọ̀ sí iná ìjọba, ẹ rà á, àmọ́ ẹ gbé tẹmómítà dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tàn án fún wákàtí méjì lójú yín, kẹ́ ẹ wọn ooru níbi tí ẹyin máa wà, kì í ṣe nọ́ńbà pupa yẹn lẹ máa gbà gbọ́. Ti iná, tèmi ń jẹ yúníìtì bíi 25 ní ọjọ́ 21. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́, ẹ̀yin ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ mi, 6 nínú 10, méjì nínú máàkì yẹn jẹ́ tèmi tí mo tún wáyà so. Màdáámù, 9. Ọwọ́ mi tó sọ lẹ́jẹ̀ ló gba ọ̀kan tó kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà pè mí. Ó ti gbọ́ pé mo pa 41 nínú àádọ́ta, ó ní Ànńtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣe fídíò kékeré kan, kẹ́ ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ fi ọmọ adìẹ hàn, òun fẹ́ fi polówó. Mo ní kò sí wàhálà, màá ṣe é. Mo ní kó gbé mọ́tò tuntun dání tó bá ń bọ̀.